Bí Wọ́n Ṣe Ju Tanpẹ́pẹ́ Lulẹ̀ Títí Ó Fi Di Gbajúmọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń rí i lára ògiri sinimá lónìí, tó fi ẹsẹ̀ kan dúró, tó gbé ẹsẹ̀ kejì sókè bí ẹni fẹ́ ta sánmà nípàá, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Nígbà tó wà lọ́mọbìnrin ọdún méjìlá, ó kéré débi pé bó bá ru ìdì aṣọ, ìdì aṣọ nìkan lèèyàn máa ń rí tó ń rìn bọ̀ lójú títì. Tanpẹ́pẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀, kó lọ bi àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ léèrè. Ojú ibi tó ti ta wọ́n kò tíì jinná.

Ìyá rẹ̀ ló ni ilé ìfọṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ títì, yàrá gígùn kan tí ooru áyọ́ọ̀nù kì í jẹ́ kó tutù, tí omi ń kán tó, tó, tó lára àwọn aṣọ orí okùn bí òjò tó kọ̀ tí kò dá. Opó ni obìnrin náà, kì í sì í pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀: ọwọ́ méjì tó le bí igi àjà. Bó bá fún kúbùsù tó rin gbindin, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí, omi inú rẹ̀ á tọrọ gáfárà, á sì jáde.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni ẹrù kan máa ń wọlé tó yàtọ̀ sí tàwọn oníbàárà yòókù: ogún ẹ̀wù funfun tó nípọn, tí òógùn ti gbẹ mọ́ lọ́rùn. Aṣọ àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìjà ni. Ìyá á fọ̀ wọ́n, á lọ̀ wọ́n kí wọ́n le gbagidi, nígbà tó bá sì di Ọjọ́bọ̀, Tanpẹ́pẹ́ á rù wọ́n lọ sílé Bàbá Aláago, á gbé wọn sẹ́nu àtẹ̀gùn, á padà sílé.

Bàbá Aláago yìí, ọkùnrin kúkúrú abìkùn ni. Láti àárọ̀ ló ti máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí yóò tẹjú mọ́ ìdí aago, tí yóò máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ inú rẹ̀ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ọwọ́. Tanpẹ́pẹ́ rò pé ó kàn fi òkè ilé rẹ̀ háyà fún àwọn oníjà ni. Ta ló máa rí abìkùn onígíláàsì, tó máa ro nǹkan mìíràn?

Àfi Ọjọ́bọ̀ kan tó dé, tí kò bá ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀, tó wá ru aṣọ gun àtẹ̀gùn títí dókè. Ó yọjú wo inú gbọ̀ngàn. Bíríkìlà kan tó ga bí òpó iná ń sáré bọ̀ wá bá Bàbá Aláago láàárín ẹní ńlá. Bàbá ò sá. Ó kàn yà díẹ̀ bí ẹni tó ń fún àgbà lọ́nà, ó fọwọ́ ba aṣọ bíríkìlà náà láyà. Ohun tí Tanpẹ́pẹ́ tún rí ni àtẹ́lẹsẹ̀ bíríkìlà lókè, níbi tó yẹ kí orí rẹ̀ wà. Gbì! Gbogbo fèrèsé mì.

Ìdì aṣọ bọ́ lórí ọmọ. Ó rò pé ọkùnrin náà ti kú. Ṣùgbọ́n bíríkìlà fi ọwọ́ gbá ẹní, ó yí bìrí, ó sì dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló mú Tanpẹ́pẹ́ lọ́kàn, ju bí Bàbá ṣe jù ú lọ. Wọ́n ju èèyàn bí wọ́n ti ń ju èso dànù, ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín!

“Bàbá, ẹ kọ́ mi.”

Bàbá Aláago yíjú. “Kí n kọ́ ọ ní kín ni? Aago títúnṣe?”

“Rárá o. Ìyẹn.” Ó nawọ́ sí bíríkìlà.

“Ta lo fẹ́ lù?”

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lórí ìka. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, gbogbo gbọ̀ngàn ti bú sẹ́rìn-ín.

“Ó dáa,” ni Bàbá wí. “Ṣubú kí n rí.”

Tanpẹ́pẹ́ ju ara rẹ̀ sílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ìgúnpá rẹ̀ bó yẹ́yẹ́yẹ́.

“O ti kú,” ni Bàbá wí. “Dìde. Tún ṣubú.” Ó tún ṣubú. “O tún kú. Gbọ́, ọmọ mi. Nígbà tí o bá mọ bí a ṣe ń ṣubú, à á jọ sọ̀rọ̀ ìjà. Ẹni tí ilẹ̀ bá ń bà lẹ́rù, gbogbo ayé ni yóò máa bà á lẹ́rù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí, ó sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ṣíṣubú di iṣẹ́. Ó ń ṣubú sẹ́yìn sórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí, ó ń ṣubú síwájú láàárín okùn aṣọ, ó ń ti orí tábìlì ìlọṣọ jábọ́ sílẹ̀. Ìyá á máa lọ aṣọ níwájú ilé, á máa gbọ́ gbì-gbì-gbì lẹ́yìn, á rò pé àwọn ará òkè ń ti àga kiri ni. Ọjọ́ tó wá rí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀, ó ju kànìnkànìn sílẹ̀.

“Ta ló lù ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó lù mí, Màámi. Mo ń ṣubú ni.”

“O ń kín ni?”

Ọmọ ṣàlàyé. Ìyá ò wí nǹkan kan. Ó tú ìbàntẹ́ tó fi ń fọṣọ, ó nu ọwọ́, ó jáde. Tanpẹ́pẹ́ mọ̀ pé bí ìyá òun bá ń bá èèyàn wí, ọ̀rọ̀ ò tíì burú. Bó bá dákẹ́, kí ẹlẹ́sẹ̀ bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó sáré tẹ̀lé e.

Ìyá gun àtẹ̀gùn Bàbá Aláago ní méjì-méjì. Àwọn tó ń kọ́ ìjà rí i, wọ́n là fún un bí omi.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Aláago.”

“Ẹ káàbọ̀, Mà. Ilé ńkọ́?”

“Ilé wà. Bàbá, aṣọ yín lẹ ní kí n máa fọ̀. Mi ò rántí ìgbà tí mo ní kí ẹ̀yin náà máa fọ́ ọmọ mi mọ́lẹ̀.”

“Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ká lu èèyàn nìkan. Ọmọbìnrin bíi tiyín, ìwọ̀nba ara tó ní yìí, ó yẹ kó mọ bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ. Ẹ wò ó, ẹ di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ẹ dì í dáadáa. Ẹ ó rí bí mo ṣe máa bọ́.”

Ìyá dì í mú.

Bàbá yí ọwọ́ síhìn-ín. Kò bọ́. Ó yí i sọ́hùn-ún. Kò bọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó yí gbogbo ara. Ìyá dúró gbọn-in, ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ yí padà, àfi bí ìgbà tó ń ronú bóyá omi ti tó nínú ìkòkò. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú orí Bàbá. Bíríkìlà fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Mà,” ni Bàbá wí jẹ́jẹ́, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹwọ́ díẹ̀.”

“Háà? Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í mú o.”

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Nígbà tó fi í sílẹ̀, Bàbá Aláago ń fi ọwọ́ kejì ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo obìnrin náà bí ẹni tó rí aago tí irú rẹ̀ kò kọjá níwájú rẹ̀ rí. “Ta ló kọ́ yín?”

“Kúbùsù ni.”

“Ẹ bá mi fi ọmọ yìí sílẹ̀, Mà. Mo bẹ̀ yín. Bó bá jogún ìdajì ọwọ́ yìí péré, ẹ ó gbọ́ orúkọ rẹ̀.”

Ìyá wo ọmọ rẹ̀, tó ti sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹnu tó sọ̀rọ̀. “Bí máàkì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ nílé ìwé, ó parí. Bí mo bá sì gbọ́ pé ó fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni lójú títì, ó parí ju ìyẹn lọ.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi ṣubú kí Bàbá tó jẹ́ kó gbé ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpá títa dé, àti ẹ̀ṣẹ́, àti bí a ṣe ń fi agbára ẹni tó ń bọ̀ jù ú sí ibi tí kò rò. Ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Ilé ìwé láàárọ̀, aṣọ lílọ̀ lọ́sàn-án, òkè ilé Bàbá Aláago nírọ̀lẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ ga sí i, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bíríkìlà, tó ti ń fi í ṣeré tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ó kojú rẹ̀: lónìí orúnkún ń dùn ún, lọ́la ìyàwó rẹ̀ ní kó tètè wálé.

Ó sì pa òfin ìyá rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tó kà lórí ìka lọ́jọ́sí gbé ìgò yíǹkì, tó sáré bọ̀ láti dà á sí i láṣọ, Tanpẹ́pẹ́ kàn yà lọ́nà fún un. Ọmọkùnrin náà àti yíǹkì rẹ̀ jọ wọ gọ́tà. Tanpẹ́pẹ́ fà á jáde, ó bá a gbọn ìwé rẹ̀ nù. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin yẹn fi ọdún kan jù ú lọ!

Ọdún tó pé mẹ́tàdínlógún, Bàbá Aláago forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje ńlá. Ìyá ti ilé ìfọṣọ pa lọ́jọ́ náà, ohun tí kò ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án. Gbọ̀ngàn kún bámúbámú. Àwọn kan gun ojú fèrèsé, àwọn kan jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀. Tanpẹ́pẹ́ na ẹni àkọ́kọ́, ó na ìkejì, ó na ìkẹta. Ẹni kẹrin ló kù: ọlọ́pàá obìnrin kan tó gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún tó kọjá, tó fi orí àti èjìká ga jù ú lọ, tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Rẹfirí fun fèrè. Ọlọ́pàá kò fàkókò ṣòfò. Ó gbá a mú, ó jù ú. Gbì! Kí àwọn èèyàn tó ṣe “yéè!” tán, Tanpẹ́pẹ́ ti wà lórí ìdúró. Ó tún jù ú. Ó tún dìde. Nígbà ìkẹta, ó jù ú jìnnà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀ sórí tábìlì àwọn tó ń kọ máàkì, ṣùgbọ́n ó yí bìrí lórí èjìká, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, ó sì ń sáré padà wá kí ọlọ́pàá tó ráyè tún bẹ́líìtì rẹ̀ so. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, “Ọmọ kékeré! Ọmọ kékeré!” ni wọ́n ń ké. Nígbà ìkẹrin, ilẹ̀ gbá a lójú gan-an. Ìyá rẹ̀ di etí àga mú, igi àga náà sì kán.

Tanpẹ́pẹ́ dìde, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ba ọlọ́pàá lọ́kàn jẹ́. Ó bínú, ó fi gbogbo ara rọ́ wọlé. Ọmọ Bàbá Aláago yà díẹ̀, bí ẹni tó ń fún àgbà lọ́nà, ó fọwọ́ ba aṣọ. Irinwó èèyàn ló rí àtẹ́lẹsẹ̀ ọlọ́pàá lókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo tó sọ, ẹ ó rò pé òrùlé ló ṣí!

Àmọ́ fèrè ti dún. Àkókò ti pé. Ìjù ńlá yẹn gba máàkì mẹ́ta fún un, síbẹ̀ máàkì kan péré ni ọlọ́pàá fi jù ú lọ. Obìnrin náà gba ife rẹ̀, ó sì rìn wá bá Tanpẹ́pẹ́, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. “Àbúrò,” ó ní, “lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ò wá mọ́ o. Ìwọ máa gbé e.”

Ibi tó ti ń dì yìnyín mọ́ ojú ni arábìnrin kan ti wọlé wá bá a, pẹ́ńsùlù nínú irun, ìwé lábíyá. Ó ní olùdarí fíìmù ni òun.

“Ẹ ṣìnà, Mà,” ni Tanpẹ́pẹ́ wí. “Ẹni tó borí wà lọ́hùn-ún.”

“Mo rí i. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń ju èèyàn, mo ní wọn rẹpẹtẹ. Ẹni tó mọ ìṣubú ni mo ń wá kiri láti oṣù mẹ́ta. Ṣé wàá wá ṣubú fún mi níwájú kámẹ́rà?”

Tanpẹ́pẹ́ fò mọ́ Bàbá Aláago lọ́rùn débi pé awò ojú bàbá fò lọ sábẹ́ àga.

Ilé iṣẹ́ ìgò kan tí wọ́n ti pa tì ni wọ́n ti ń ya fíìmù náà. Ipa rẹ̀ kò ju kékeré lọ: ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olè ni, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní, “Dúró níbẹ̀!”, lẹ́yìn ìyẹn, kí akọni eré jù ú sílẹ̀ láti orí pèpéle irin gíga, sórí àwọn fóòmù tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń ṣe akọni, gbajúmọ̀ ni lóòótọ́, Arẹwà ni wọ́n ń pè é. Eyín rẹ̀ funfun, àyà rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Tanpẹ́pẹ́ ní kọ̀rọ̀ pé òun kò jà rí láyé òun, àti pé òòyì máa ń kọ́ òun níbi gíga.

“Ẹ máa wo ojú mi, Ẹ̀gbọ́n,” ni Tanpẹ́pẹ́ wí. “Ẹ má wo ìsàlẹ̀.”

Ọjọ́ kìíní, ó ṣubú nígbà méje. Ọjọ́ kejì, nígbà mọ́kànlá, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọjọ́ kẹta, òróró kan ti kán sórí irin láìsí ẹni tó rí i. Olùdarí ké pé “Ó yá!” Tanpẹ́pẹ́ jágbe gbólóhùn rẹ̀, Arẹwà yí sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ tẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ré kọjá irin etí pèpéle, apá ibi tí kò sí fóòmù kankan. Kọnkéré ló wà nísàlẹ̀, gbayawu.

Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Tanpẹ́pẹ́ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ti ki ọwọ́ láàárín irin, ó sì ti gbá ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà mú. Arẹwà ń fì dirodiro lókè, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n ń fún lábẹ́rẹ́.

“Ẹ gbé fóòmù wá sápá ibí!” ni Tanpẹ́pẹ́ pariwo. “Ẹ tètè!”

Àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré, wọ́n ń kọlu ara wọn, ẹnìkan ń fa fóòmù, ẹlòmíràn dúró lé e. Èjìká Tanpẹ́pẹ́ ń pariwo fún un pé kó jù ú sílẹ̀. Ìka rẹ̀ ò gbọ́. Irin etí pèpéle náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀-ẹ̀-ẹ̀, nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan fò yọ.

“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ mi! Tí mo bá ní ‘ó yá’, ẹ fi àgbọ̀n kan àyà. Kí ẹ̀yìn yín gba ilẹ̀, kì í ṣe orí. Ẹ fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ pẹ̀lú. Kí ni mo wí?”

“À… àgbọ̀n… àyà… Yéè, ìyá mi!”

“Tún un wí!”

“Àgbọ̀n kan àyà! Ẹ̀yìn! Ọwọ́!”

Fóòmù àkọ́kọ́ dé, ìkejì bọ́ sórí rẹ̀. Irin já. “Ó yá!” Àwọn méjèèjì jọ wálẹ̀. Gbì! Gbì!

Eruku ń lọ sókè. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan jáde láàárín fóòmù, ó gbá ilẹ̀ pà, pà. Arẹwà jókòó, ó fọwọ́ kan orí, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. “Mo ṣubú!” ó ń ké. “Ẹ rí i bí mo ṣe ṣubú?” Ló bá di Tanpẹ́pẹ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Olùdarí yíjú sí ẹni tó wà nídìí kámẹ́rà. “Kámẹ́rà ńkọ́?”

Ọkùnrin náà yọjú lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ má bínú, Mà. Mi ò rántí pa á.”

Olùdarí yọ pẹ́ńsùlù nínú irun. Ibẹ̀ náà ló jókòó sí, lórí àpótí ìgò, tó fa ìlà kọjá lórí ìwé eré, tó ń kọ ọ́ tuntun. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọmọ olè tó ní gbólóhùn kan ti di ẹni tó gba akọni là, tó yíwà padà, tó sì bá a jà títí dé ìparí.

Ọjọ́ tí fíìmù náà jáde, Ìyá, Bàbá Aláago àti bíríkìlà jókòó sí ìlà kẹta ní sinimá. Tanpẹ́pẹ́ wà láàárín wọn, ó fọwọ́ bojú, ó ń wò láàárín ìka. Nígbà tí Arẹwà gba ẹ̀yìn ré, tí ọwọ́ kékeré yẹn sì gbá a mú, Ìyá, obìnrin tí kì í pariwo, ló fò dìde. “Má fi í sílẹ̀ o! Dì í mú!” Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó wà lápá ọ̀tún gbà á, kò pẹ́ gbogbo sinimá ń ké, “Dì í mú! Dì í mú!” Nígbà tí wọ́n sì balẹ̀ láyọ̀, bíríkìlà ti gbá bàbá arúgbó kan tí kò mọ̀ rí mọ́ra, ó ń gbé e sókè sódò.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, fóònù dún nílé ìfọṣọ. Ìyá gbé e pẹ̀lú ọwọ́ ọṣẹ. Olùdarí ni. Ó ní òun ti kọ eré tuntun, Tanpẹ́pẹ́ ni olórí eré, òun fẹ́ kó máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá nu ọwọ́ kejì mọ́ ìbàntẹ́. “Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Nínú tuntun yìí, ṣé wọ́n tún máa ju ọmọ náà lulẹ̀ káàkiri?”

“Rárá o, Mà. Òun ló máa jù wọ́n.”

“Mélòó ni wọ́n?”

“Mẹ́rìnlélógójì.”

“Ó ti gbà,” ni Ìyá wí. Ó gbé fóònù kọ́, ó sì yíjú sẹ́yìn ilé, ó pariwo lẹ́ẹ̀kejì láyé rẹ̀: “Ìwọ ọmọ yìí! Gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, kóo wá gbọ́!”